Kí Ọkàn Wa Padà Sídìí Oúnjẹ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ará Costain àti Agbègbè Rẹ̀

Oúnjẹ ni ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ n kò ní ka orúkọ oúnjẹ tó ń ṣara lóore àti èyí tí kì í ṣe é lóore sí yín létí. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn lórí rédíò, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ẹ sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta àgbo nínú ọkọ̀. Ohun tí mo wá sọ ni pé bí a ṣe ń jẹun kò kéré sí ohun tí à ń jẹ. Ènìyàn lè jẹ oúnjẹ tó dára jù lọ kó má tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì lè jẹ àjẹjù kó má mọ̀ pé òun fẹnu kan nǹkan, bí ọkàn rẹ̀ kò bá sí nídìí àwo. Ní ìlú Èkó, nǹkan méjì ló ń gbé ọkàn wa kúrò níbẹ̀: ìkánjú, àti ìtìjú nítorí bí ara wa ṣe rí. Mo gbà pé bí a bá lè gba ọkàn wa padà lọ́wọ́ méjèèjì, ara wa yóò jàǹfààní rẹ̀, kódà bí owó tó wà lápò wa kò bá fi kọ́bọ̀ kan lé sí i.

Costain yìí gan-an ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Orúkọ ilé-iṣẹ́ akọ́lé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mọ́ oríta náà lórí, ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀ pé kí ènìyàn fi ìdí kalẹ̀. Apá kan gba orí afárá Èkó lọ sí Erékùṣù, apá kan gba Ìjọ́rà lọ sí Àpápá, apá kan gba Funsho Williams Avenue, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń pè ní Western Avenue, lọ sí Ojúẹlẹ́gbà, òmíràn sì wọ Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2, tó sì ń dúró nítòsí Gbọ̀ngàn Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Ìgánmú. Ẹ wá wo ohun mìíràn: agbègbè tó ń bọ́ Nàìjíríà ni agbègbè yìí. Ìgánmú ni Nigerian Breweries wà, àwọn tó gbé ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1949. Àpápá ni Flour Mills of Nigeria ti ń lọ àlìkámà láti ọdún 1962 síwájú. Ọjà Oyíngbò kò jìnnà. Oúnjẹ ń gba iwájú wa kọjá tọ̀sán-tòru, ẹni tó ń rí àyè jókòó jẹ ẹ́ ló ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ òṣìṣẹ́ ṣe máa ń lọ. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú tàbí Sàngó bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Àpápá gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ di gálà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó nawọ́ gbà lójú fèrèsé dánfó nígbà tí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ dá ọkọ̀ dúró. Ọwọ́ kan di gálà mú, ọwọ́ kejì ń ka ṣéńjì, etí ń gbọ́ ariwo kọndọ́, ojú sì wà lára fóònù. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Costain, ó ti gbé e mì tán. Bí ẹ bá bi í ní agogo mẹ́wàá pé kí ló jẹ láàárọ̀, yóò dáhùn pé òun kò tíì jẹun. Kò purọ́. Oúnjẹ wọ inú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sílẹ̀ níbi tí ènìyàn ti ń mọ̀ pé òun ti jẹun.

Níbo nìyẹn? Àwa a máa rò pé ikùn nìkan ni. Ní ọdún 1998, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Paul Rozin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n lọ bá ènìyàn méjì tí ọpọlọ wọn ti farapa débi pé wọn kì í rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé òmíràn wá, wọ́n ní oúnjẹ ọ̀sán rèé. Wọ́n tún jẹ ẹ́. Wọ́n gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá, wọ́n tún fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ikùn àwọn méjèèjì ti kún. Ohun tí wọn kò ní ni ìrántí pé àwọn ti jẹun. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti rí i kedere pé yíyó ní ẹ̀ka méjì: ikùn tó fẹ̀ tó sì ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, àti ọpọlọ tó ń rántí àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹni tó jẹun láìfọkàn sí i ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ẹ̀ka kejì nù.

Bóyá ẹnìkan yóò ní aláìsàn ni àwọn méjì yẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Eric Robinson àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìwádìí 24 jọ ní ọdún 2013, tí wọ́n fi àwọn ènìyàn tí ara wọn le ṣe, láti wo ohun tí àfiyèsí ń ṣe sí ìjẹun. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n tàbí tí wọ́n ń ṣe nǹkan mìíràn bí wọ́n ṣe ń jẹun jẹ jù bó ṣe yẹ lọ ní ìjókòó yẹn. Èyí tó wúlò jù fún wa ni pé nígbà tí oúnjẹ mìíràn tún dé lẹ́yìn náà, wọ́n tún jẹ jù, ti ẹ̀ẹ̀kejì sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ìdà kejì, àwọn tí wọ́n rán létí ohun tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án jẹ ìpanu níwọ̀nba. Nítorí náà, gálà tí a jẹ mọ́ fóònù láàárọ̀ kò parí sí inú dánfó. Ó ń tẹ̀ lé ni dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ lọ́sàn-án, ó sì ń bá ni dé ìdí ìkòkò lálẹ́.

Irú oúnjẹ tó ṣeé jẹ lórí ìrìn tún ń dá kún un. Ní ọdún 2019, Kevin Hall àti àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gba ènìyàn 20 sílé ìwádìí fún oṣù kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ tí wọ́n ti ṣe ní ilé-iṣẹ́, tó wà nínú ọ̀rá àti páálí, ni wọ́n gbé fún wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì yòókù, oúnjẹ tí wọ́n sè láti ara ohun tútù. Wọ́n rí i dájú pé ìwọ̀n ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti kálórì tó wà níwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ títí tí wọn yóò fi yó. Nígbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bí 500 kálórì jẹ ju ti ìgbà tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè lọ lójoojúmọ́, wọ́n sì sanra sí i. Wọn kò sọ pé ó dùn ju èyí tí wọ́n sè lọ. Àmọ́ wọ́n yára jẹ ẹ́. Oúnjẹ tó rọ̀, tí kò béèrè pé kí eyín ṣiṣẹ́, a máa sáré kọjá kí ìròyìn tó dé ọpọlọ. Ẹ fi gálà wé àgbàdo sísun, ẹ fi búrẹ́dì wé ẹ̀wà, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà náà jẹ́ oúnjẹ ojú ọ̀nà, wọn kò sì wọ́n kọjá agbára, ṣùgbọ́n wọ́n fi tipátipá mú ènìyàn jẹun díẹ̀díẹ̀: bọ̀ọ̀lì gbóná, ẹ̀pà ń béèrè eyín.

Apá kejì ìkánjú ni ebi tí à ń dì mọ́nú títí di alẹ́. Gbogbo yín mọ zero-one-zero, kí ènìyàn jẹun lọ́sàn-án nìkan, ẹ sì mọ èyí tó le jù ú lọ, tí òdo méjì ṣáájú. Àwọn kan ń ṣe é nítorí owó, mo sì ń bọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn mìíràn ń ṣe é torí pé ọ̀gá kò fún wọn láyè, àwọn kan sì ń ṣe é nítorí wọ́n fẹ́ kí ara wọn fúyẹ́. Ohun kan náà ló ń bá gbogbo wọn. Láàárín ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota mú ọkùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, ara wọn le koko, ó sì fi oúnjẹ tí kò tó bọ́ wọn fún oṣù mẹ́fà kí ó lè mọ bí wọn yóò ṣe tọ́jú àwọn tí ogun ti febi pa ní Yúróòpù. Wọ́n rù, ó yẹ kí wọ́n rù. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí tó bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ṣe ọkàn wọn. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, oúnjẹ ni wọ́n ń lá lálàá, àwọn kan ń ka ìwé oúnjẹ sísè títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n ń lá àwo. Nígbà tí wọ́n sì tú wọn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ títí ikùn fi ń dùn wọ́n, síbẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tó bá fi ebi kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ kò gbọdọ̀ bú ara rẹ̀ pé òun jẹ àjẹjù ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Ara rẹ̀ ló ń gbèjà ara.

Mo mọ ohun tí ẹnìkan yóò sọ nísinsìnyí: àwa ará Mainland ń rìn, a kì í jókòó, nítorí náà ohun tí a bá jẹ yóò lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí láàárín àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 1997, Richard Cooper àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ibẹ̀ wéra: ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí Ìgbò-Ọrà àti Ìbàdàn ti wà lára àwọn ibi tí wọ́n dé, àgbàlagbà 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, 26, ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà, ibi tí wọ́n ń gbé ló yàtọ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé kan lára ẹgbẹ́ náà ti wo inú ilẹ̀ wa nìkan, wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn ṣe ń kúrò lóko bọ̀ sí ìlú ńlá tó sì ń rí iṣẹ́ oṣù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń pọ̀: àgbẹ̀ 14 nínú 100, mẹ̀kúnnù ìlú 25, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè 29. Ó yẹ kí iye ìkẹyìn yẹn dé etí àwọn ará Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, tí í ṣe ilé rélùwéè. Ní ti ìrìn, Amy Luke wọn agbára tí àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà ń lò lójoojúmọ́, ó fi wé ti àwọn obìnrin adúláwọ̀ nítòsí Chicago, ó sì gbé e jáde ní ọdún 2009. Àwọn ti Amẹ́ríkà wúwo jù púpọ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà nínú agbára tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ara kò tó nǹkan. Ó jọ pé ohun tí wọ́n ń jẹ ló gbé ìyàtọ̀ wá. Kò sí ìkankan nínú ìwádìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tó wọn àfiyèsí, n kò sì ní fi wọ́n jẹ́rìí ohun tí wọn kò rí. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé a kò bí ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wa, àti pé ìrìn nìkan kò ní gbà wá.

Mo ń bọ̀ lórí ìtìjú, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí jù. Láàárín Yorùbá, ara wa kì í ṣe tiwa nìkan, gbogbo ẹbí ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá sanra, wọ́n ní ayé ń yẹ ẹ́. Ẹni tó bá rù, wọ́n ní kò sí lálàáfíà, tàbí ọkọ kò fún un lóúnjẹ. Nígbà tí àrùn éèdì gbòde, ìfura náà tún le sí i: ẹni tó bá rù díẹ̀, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, Agbani Darego gba adé Miss World ní Gúúsù Áfíríkà, ọmọ ọdún 18, tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ lẹ́pa fi di ohun ìwúrí lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́bìnrin Èkó, tí ọ̀rọ́bọ̀ sì di orúkọ tí wọ́n fi ń bú ni. Àwọn àgbà kò yí ọ̀rọ̀ tiwọn padà o. Nítorí náà, ọmọbìnrin kan náà ni yóò lọ sí òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, tí àǹtí rẹ̀ yóò pariwo pé ó ti gbẹ bí igi, tí yóò sì padà sílé ṣí fóònù rẹ̀, tí àwòrán ẹgbẹ̀rún yóò sọ fún un pé ó tóbi jù. Kò sí ìwọ̀n ara tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Fiji, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, àwọn ènìyàn fẹ́ràn ara tó kún gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀, àjẹyó sì ni wọ́n fi ń ṣe àlejò. Tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè kan níbẹ̀ ní ọdún 1995. Anne Becker, oníṣègùn ọpọlọ láti Harvard, bi àwọn ọmọbìnrin iléèwé léèrè ní ọdún yẹn, kò rí ẹyọ kan tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí ara rẹ̀ má bàa sanra. Ó padà lọ ní ọdún 1998. Ó ti di 11 nínú 100. Ọdún mẹ́ta péré ni. Tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, kò tíì sí fóònù lọ́wọ́ ọmọdé. Ẹ wá ronú sí ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ní Yaba àti Múṣin lónìí, àti tíì tí ń yọ ikùn tí wọ́n ń kiri tà fún wọn. Ewé senna wà nínú ọ̀pọ̀ irú tíì bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ ló ń mú ni ṣu. Omi ni ara ń pàdánù, ọ̀rá wà níbi tó wà, ìfun sì ń jìyà.

Àwọn tó gbà pé ìbáwí yóò mú ènìyàn tún ara rẹ̀ ṣe pọ̀ láàárín wa, wọ́n a ní ìfẹ́ ló mú àwọn sọ ọ́. Mo gbà pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ kò ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2014, àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì College London tẹ ìròyìn àgbàlagbà 2,944 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé fún ọdún mẹ́rin. Àwọn tó sọ pé wọ́n ń fi ojú tínrín wo àwọn nítorí ìwọ̀n ara wọn fi nǹkan bíi kílò kan sanra sí i. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún rù díẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí ojú ń tì kì í jẹun níwájú ènìyàn. Yóò bu díẹ̀ níta, yóò wá lọ jẹ ìyókù nínú ìkọ̀kọ̀, kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé bá a. Ọkàn rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí nínú oúnjẹ. Ibi tí ìtìjú gbé e dé nìyẹn, ibi kan náà tí ìkánjú gbé ọkùnrin inú dánfó dé.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ tó ń ṣírò nǹkan fún Nàìjíríà sọ pé iye owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú 100 ga ju ti ọdún kan ṣáájú lọ. Ta ló wá lójú láti sọ fún ẹni tí kò rí garí rà pé kó máa fọkàn sí oúnjẹ? Èmi kọ́. Ẹni tí ebi ń pa, oúnjẹ ni kí a fún un, ìjọba sì gbọ́dọ̀ jíhìn fún un. Ìwọ̀n owó orí náírà 10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí òfin fi lélẹ̀ ní ìparí ọdún 2021 kò fi ẹ̀wà sínú ìkòkò ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àtakò yìí ń gbójú fo nǹkan kan. Mẹ̀kúnnù ni oúnjẹ rẹ̀ kéré, òun gan-an ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá láìmọ̀. Bí ẹ̀wà agànyìn àti búrẹ́dì kan ṣoṣo ni yóò wọ inú mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ̀tọ́ mi ni kí n gbádùn rẹ̀, kí n rántí rẹ̀, kí ó sì mú mi dúró. Olówó lè jẹ òmíràn bí ti àkọ́kọ́ bá kọjá láìmọ̀. Àfiyèsí kò ní owó lórí. Àkókò ló ní in, àkókò sì ni àwọn ẹlòmíràn ń gbà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. N óò tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan ní ẹ̀sìn àjòjì ni fífi ọkàn sí oúnjẹ. Òótọ́ ni pé Thich Nhat Hanh, àlùfáà Búdà ará Vietnam, kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní irú ìjẹun bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni pé Jon Kabat-Zinn ní Massachusetts bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún àwọn aláìsàn láti ọdún 1979, tó ń fún wọn ní èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo kí wọ́n fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí wọn kò kọ́ ní kékeré pé kó jókòó kó tó jẹun, kó fọ ọwọ́, kó má máa rìn jẹ, kó má máa wo ẹnu ẹlòmíràn? Mùsùlùmí ń dárúkọ Ọlọ́run kó tó fọwọ́ bọ oúnjẹ, Krìsìtẹ́nì ń gbàdúrà. Ọwọ́ tó ń bu òkèlè ti mọ bó ṣe gbóná tó àti bó ṣe rọ̀ tó kí ẹnu tó mọ̀. N kò ní sọ pé gbogbo àṣà wa dára. Ọmọdé mẹ́fà tó ń jẹ nínú àwo kan kì í fara balẹ̀, ẹni tó yára ló ń jẹ ẹran. Obìnrin ni ó máa ń jẹ kẹ́yìn nílé púpọ̀. A tún ń na ọmọ kó lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lẹ́yìn tó ti ní òun yó, bẹ́ẹ̀ a sì ń kọ́ ọ pé kó má gba ikùn ara rẹ̀ gbọ́. Èyí tó dára nínú wọn ni ká mú, ká fi ìyókù sílẹ̀.

Àtakò kan kù tó ní òótọ́ nínú: ṣé fífi ọkàn sí oúnjẹ ń mú ènìyàn rù? Kì í sábà mú un rù púpọ̀, ẹni tó bá sì ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún yín fẹ́ ta ọjà. Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù ni ti àwọn tó ń jẹ ìjẹkújẹ tí wọn kò lè dá ara wọn dúró. Jean Kristeller àti Ruth Wolever kọ́ irú wọn ní ìjẹun àfiyèsí nínú ìwádìí ènìyàn 150 tó jáde ní ọdún 2014, ìjẹkújẹ náà sì rọlẹ̀ gidigidi. Ẹ̀kọ́ mìíràn nípa oúnjẹ tí wọ́n fi wé e náà ràn wọ́n lọ́wọ́, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ fi èyí rọ́pò ohun tí dókítà rẹ̀ sọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń mọ̀ọ́mọ̀ bì tàbí tó ti kọ oúnjẹ pátápátá, kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, kó má dúró de ààwẹ̀.

Kí ni ìjẹun àfiyèsí náà jẹ́ gan-an? Ó kéré ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Kí a jókòó. Kí fóònù wà nínú àpò. Kí a wo oúnjẹ, kí a gbóòórùn rẹ̀, kí a jẹ òkèlè mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ láìsọ̀rọ̀. Ní ìdajì àwo, kí a dá ọwọ́ dúró, kí a bi ikùn léèrè bó ṣe wà. Bí ó bá ní òun ṣì fẹ́, kí a jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Bí ó bá ní ó tó, kí a bò ó di alẹ́. Kí a jẹun kí ebi tó di wàhálà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n n kò ní di gbogbo ẹrù yìí lé èjìká ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn kò lè jókòó níbi tí kò sí àga, kò sì lè fara balẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ọ̀gá rẹ̀ ń kà mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ tó wà láti Ìjọ́rà dé Surulere, ẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín ní àkókò oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní pè wọ́n nínú rẹ̀, kí ẹ sì wá ibi tí oòrùn kò sí fún wọn. Ẹ̀yin alákòóso ibùdókọ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ṣe ìjókòó àti omi ìfọwọ́ sí ibi tí àwọn olóúnjẹ ń patẹ, dípò kí ẹ máa lé wọn kiri. Ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ, bí oníbàárà bá ní kí ẹ bu oúnjẹ tó kéré fún un, ẹ má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin àǹtí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bi ọmọ léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ẹ bi í léèrè bó ṣe sùn, ẹ gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Mo bẹ̀ yín, láti oúnjẹ alẹ́ òní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.